NVDA àti sọ́fúwià ìṣirò ọjà wa: àyẹ̀wò láti ẹnu ẹni tó ń fi etí ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí. NVDA, sọ́fúwià tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sí mi létí (screen reader ni wọ́n ń pe irú rẹ̀), ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, kò ní sọ fún yín pé àsìkò yín ti pé, kò sì ní ní kí ẹ wá fi nọ́ńbà káàdì báńkì yín sílẹ̀. Sọ́fúwià ìṣirò ọjà tí ilé iṣẹ́ wa ń lò, oṣooṣù là ń sanwó rẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, èyí tí a ò sanwó fún ló ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Èyí tí à ń sanwó fún ni ọ̀rọ̀ mi máa pọ̀ lórí rẹ̀ jù, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó ṣe é ṣì ń dá wa lóhùn bí a bá kọ̀wé sí wọn, mo sì ń retí àtúnṣe tó kù lọ́wọ́ wọn.

Oúnjẹ adìẹ là ń tà, lójú ọ̀nà Oǹdó níbí ní Àkúrẹ́: ti ọmọ adìẹ, ti adìẹ ẹlẹ́yin, ti adìẹ ẹlẹ́ran, pẹ̀lú àgbàdo, sóyà àti èérí àlìkámà fún àwọn tó fẹ́ pò ó fúnra wọn. Oníbàárà ń wá láti Ìdànrè, wọ́n ń wá láti Ọ̀wọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó ń sin adìẹ díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn ilé tí wọ́n háyà náà ń wá, àwọn yẹn ló sì máa ń ná ọjà jù. Èmi ni mo ń kọ ínfọ́ìsì, èmi náà ni mo ń ṣọ́ ìwé gbèsè. Mi ò ríran. Glaucoma ló gba ojú mi nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo lè mọ ibi tí fèrèsé wà bí oòrùn bá ràn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó jẹ́ pé ìwé ńlá la fi ń ṣe àkọsílẹ̀, ẹlòmíì ló máa ń kà á sókè, èmi á sì máa ṣe ìṣirò. Ìgbà tó yá ni Màmá, ìyẹn ọ̀gá wa, gba sọ́fúwià yìí. Kò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan. Inú Chrome la ti ń ṣí i. Ọjà tó wọlé, ọjà tó jáde, ẹni tó rà láwìn, owó tó wọ báńkì, gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Màmá sì lè jókòó sílé rẹ̀ ní Alágbàká kó máa wò wá. Ohun tó wù ú níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó wu èmi ni pé mi ò ní nílò ẹni tí yóò máa kàwé fún mi mọ́. Apá kan ìrètí yẹn ṣẹ.

Kí n sọ ti NVDA ná.

Ọmọ Ọsirélíà méjì tí wọn ò ríran, Michael Curran àti James Teh, ló wà nídìí rẹ̀. Curran ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní 2006, torí iye tí àwọn tó ń ta irú ẹ̀ ń gbà kò ṣe é sún mọ́. Windows nìkan ló wà fún. Ó ṣeé gbé sínú fláàṣì, kí ẹ sì kì í bọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì láìfi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí wúlò fún mi lọ́jọ́ tí láptọ́ọ̀pù mi wà lọ́wọ́ alátùn-únṣe. JAWS, screen reader míì, ti wà ṣáájú rẹ̀, láti 1989 ní ayé DOS, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára púpọ̀. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, ẹni tí kò bá sì tíì sanwó, ìṣẹ́jú 40 ló máa fi lò ó kó tó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tún un tàn. Ẹ wo ìyá kan tó ti di àpò sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí onímárúwá ń fọn fèrè, kí n wá sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe sùúrù, kọ̀ǹpútà mi ń sùn, ó máa tó jí.

Ohùn NVDA kò dùn. eSpeak NG lorúkọ ohùn tó bá a wá, irin pátápátá ni. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n á ní àwọn ò lè gbọ́ irú èyí láàárọ̀ títí dalẹ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Bí òjò bá ń lu páànù ilé ìkẹ́rù wa, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú, àwọn ohùn dídùn tó jọ ti èèyàn máa ń rì sínú ariwo. Ti eSpeak kì í rì. Mo sì ti mú kó yára dáadáa. Íápíìsì kan ló máa ń wà létí mi, etí kejì wà fún oníbàárà. Àwọn kan máa ń béèrè pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń bá yín jà nínú fóònù?”

Orúkọ wa ló ń dà á láàmú. Ahọ́n òyìnbó ló fi ń pe gbogbo rẹ̀, látorí Olúwafúnmiláyọ̀ dé Ìkàrẹ́, débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ mo máa ń ní kó sọ lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kí n tó mọ ẹni tó jẹ wá lówó. Ibì kan wà nínú ètò rẹ̀ tí ẹ lè kọ ọ́ sí pé: bí o bá pàdé ọ̀rọ̀ báyìí, báyìí ni kí o pè é. Mo ti ń kó orúkọ oníbàárà àti orúkọ ìlú síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń kọ wọn bí òyìnbó yóò ṣe kà á kó lè jáde bíi tiwa. Kò pé, àmọ́ Adéyẹmí ti ń jọ Adéyẹmí. Iṣẹ́ yìí tó ṣe, pàápàá fún ẹni tó ń lo sọ́fúwià tó kún fún orúkọ èèyàn.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀: mo máa ń din iná ojú láptọ́ọ̀pù kù títí yóò fi ṣókùnkùn, torí mi ò nílò rẹ̀, bátìrì sì máa ń pẹ́ jù ti gbogbo ará ọ́fíìsì lọ bí iná bá lọ. Ọmọ tó ń ta ọjà níwájú ti wá sọ fún mi rí pé kọ̀ǹpútà mi ti kú. Ínfọ́ìsì tirẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lọ́wọ́.

Ó yá, ojú ewé ínfọ́ìsì. Ibẹ̀ ni mo ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí.

Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni NVDA ń gbà bá ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì lò. Nínú èkíní, ẹ̀ ń kà kiri: ẹ tẹ H, ó fò lọ sórí àkọlé, ẹ tẹ B, ó lọ sórí bọ́tìnì, E gbé yín lọ síbi tí a ń kọ nǹkan sí, T lọ sórí tábìlì, K lọ sórí líǹkì. Insert pẹ̀lú F7 á kó gbogbo líǹkì tàbí àkọlé ojú ewé náà jọ sójú kan fún yín. Nínú èkejì, ẹ̀ ń kọ̀wé: lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀ á wọnú àpótí tí ẹ wà. Insert pẹ̀lú Space ló ń yí èkíní sí èkejì, ó sì máa ń dún ṣókí, ìró kan fún èyí, ìró míì fún ìyẹn, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ wà. Ẹni tó ń ka ìròyìn lásán lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ rántí pé ọ̀nà méjì ni. Lórí sọ́fúwià oníṣòwò, ìró yẹn ni mo ń tẹ́tí sí jù lọ, torí lẹ́tà kan náà lè gbé mi kúrò lórí ínfọ́ìsì tàbí kó wọ inú iye àpò.

Àwọn tó ṣe tiwa tún fi lẹ́tà tiwọn kún un. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ínfọ́ìsì tuntun kó tẹ N. Mo tẹ N, kò sí nǹkan. NVDA ti gbà á, torí lẹ́tà yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀: ó ń fo gbogbo líǹkì kọjá lọ sórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe líǹkì. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ tẹ Insert àti F2 ná, kíì tí ẹ bá tẹ̀ tẹ̀ lé e, NVDA á jẹ́ kó kọjá sọ́dọ̀ ojú ewé náà láìfọwọ́ kàn án. Inú ìwé ìtọ́nisọ́nà tó bá NVDA wá ni mo ti rí i, ìwé yẹn sì dára ju ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí lọ.

Ínfọ́ìsì ṣí. Àpótí àkọ́kọ́ ni orúkọ oníbàárà. Bí ẹ bá ti ń tẹ lẹ́tà, àwọn orúkọ tó bá a mu máa ń já wálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ lè mú èyí tí ẹ fẹ́. Mo tẹ Ade. Dákẹ́. Mo tẹ ọfà ìsàlẹ̀. Dákẹ́. Àwọn tó ríran ní orúkọ ti pọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe NVDA ló yadi. Ẹni tó kọ ojú ewé náà ni kò sọ fún un pé nǹkan kan ti yọ, tàbí pé ọfà ti sún láti orúkọ kan bọ́ sí òmíì. Ìlànà wà fún sísọ ọ́, ARIA ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a fi ń kún kóòdù ojú ewé ni, ojú ẹni tó ríran ò ní rí i, etí wa á gbọ́ ọ. Wọn ò fi sí i. Bí mo bá tẹ Enter, orúkọ tó wà lókè ló máa mú, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́. Ẹ sì mọ iye Adéyẹmí tó wà láàárín Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀.

Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo ń fi nọ́ńbà fóònù wá wọn. Nọ́ńbà èèyàn kan kì í jọ ti ẹnì kejì, nítorí náà ẹyọ orúkọ kan ló máa kù lábẹ́ rẹ̀, Enter á sì mú ẹni tí mo fẹ́. Lẹ́yìn náà mo máa ń tẹ Insert àti ọfà òkè kó ka ìlà tí mo wà. Ó ti di pé mo mọ nọ́ńbà ọ̀pọ̀ oníbàárà lórí, wọ́n á sì máa yangàn pé Àǹtí kò gbàgbé àwọn.

Lẹ́yìn orúkọ, ọjà. Ibi iye àpò àti owó dára, kò sí ẹ̀sùn. Tab gbé mi láti ọ̀kan dé òmíì, àpótí kọ̀ọ̀kan sì sọ orúkọ rẹ̀: iye, owó ẹyọ, ẹ̀dínwó. Déètì náà ṣeé tẹ̀ tààrà. Ẹ má ṣe wọnú kàlẹ́ńdà kékeré tó máa ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀.

Àmọ́ lẹ́yìn ìlà ọjà kọ̀ọ̀kan, àwòrán mẹ́ta wà. Ọ̀kan fún àtúnṣe, ọ̀kan fún ìtẹ̀wé, ọ̀kan fún ìparẹ́. Bí mo ṣe ń gbọ́ wọn nìyí: bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì. Kò sí orúkọ. Ẹni tó ríran ń wo pẹ́ńsùlù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti agolo ìdalẹ̀nù. Èmi ń gbọ́ ìbẹta tí wọn ò sọ lórúkọ, ọ̀kan nínú wọn sì ń pa iṣẹ́ rẹ́. Mo ní kí ọmọ tó wà níwájú ka bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra fún mi, mo sì ń lo ìtò yẹn láìsí ìṣòro, títí wọ́n fi ṣe àtúnṣe lóru, tí ìtẹ̀wé àti ìparẹ́ sì gba ipò ara wọn. Ẹ lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá ẹlẹ́yin kan ń dúró de ìwé, ìwé ọ̀hún ti lọ. JAWS máa ń jẹ́ kí èèyàn fi orúkọ tó wù ú sí bọ́tìnì tí kò lórúkọ. Ibi tí mo ti jowú àwọn tó ń lò ó nìyẹn.

Ó yẹ kó ti béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ó dá mi lójú kó tó pa á rẹ́. Ó béèrè. Fèrèsé kékeré kan yọ sí àárín ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìbéèrè náà, àmọ́ wọn ò gbé NVDA lọ síbẹ̀. Ó ṣì wà lórí ojú ewé tó wà lábẹ́, ó ń ka ọjà fún mi. Enter tí mo tẹ̀ pé kó máa bá a lọ ló dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì tó lè ba nǹkan jẹ́, mo máa ń tẹ Control àti End lọ sí ìdí ojú ewé, torí ibẹ̀ ni irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí nínú sọ́fúwià yìí.

Ohun tó burú jù lọ, lójú tèmi, kò tiẹ̀ ní bọ́tìnì nínú. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì ìfipamọ́, ìlà ọ̀rọ̀ kan máa yọ ní igun òkè pé ínfọ́ìsì ti wọlé, yóò sì parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. NVDA ò kà á. Bí kò bá sì wọlé, torí íntánẹ́ẹ̀tì já, ìlà míì máa yọ níbẹ̀ kan náà, òun náà á parẹ́, NVDA ò ní ka ìyẹn náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà ni fún ó dáa àti kò dáa. Íntánẹ́ẹ̀tì Àkúrẹ́ ní ọ̀sán kì í ṣe ohun téèyàn ń fọkàn tẹ̀. Mo wá ń padà sí àkójọ ínfọ́ìsì lẹ́yìn gbogbo ìfipamọ́, kí n gbọ́ bóyá nọ́ńbà tuntun ti wà lókè. Ó ń gba àsìkò. Àwọn tó ríran ò mọ̀ pé àwọn ń gba ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tẹ nǹkan.

Ojú ewé gbèsè ńkọ́? Ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́. Tábìlì tòótọ́ ni, pẹ̀lú àkọlé òpó kọ̀ọ̀kan. Mo di Control àti Alt mú, mo ń fi ọfà rìn: bí mo bá lọ sápá ọ̀tún, ó sọ àkọlé òpó kó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ó kan ń sọ ti oníbàárà tó tẹ̀ lé e nínú òpó kan náà. Láàárín ìgbà tí Màmá fi mu omi, mo ti lè sọ ẹni mélòó ló jẹ wá ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ẹni tó bá rò pé afọ́jú ò lè wo tábìlì ńlá, kó wá wo ojú ewé yìí.

Àbùkù kan péré ló wà níbẹ̀. Gbèsè tó ti kọjá oṣù kan, pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí àmì, pupa lásán. NVDA kì í dárúkọ àwọ̀ bí ẹ ò bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Insert àti F máa sọ ọ́, àmọ́ ẹ ní láti dúró lórí gbèsè kọ̀ọ̀kan kí ẹ béèrè. Mo máa ń tò ó sí ìtò déètì dípò bẹ́ẹ̀, èyí tó pẹ́ jù á wá sókè, ọ̀rọ̀ parí.

Gíráàfù ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Àwòrán ni, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ fún etí. Ẹ lọ sí ibi ìjábọ̀, ẹ wa fáìlì CSV rẹ̀ jáde, ìyẹn ìṣirò náà ní ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán, ẹ ṣí i nínú Excel. NVDA àti Excel mọwọ́ ara wọn. Àpù orí fóònù wọn náà, mo fi TalkBack, screen reader orí fóònù Android, gbìyànjú rẹ̀, mo sì yọ ọ́ kúrò.

Ibì kan wà tí NVDA ti yà mí lẹ́nu tí mi ò retí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kó oúnjẹ adìẹ wá fún wa kì í fi ìwé gidi ránṣẹ́. Wọ́n á ya fọ́tò ínfọ́ìsì wọn, wọ́n á jù ú sórí WhatsApp, nígbà míì pẹ̀lú àtàǹpàkò awakọ̀ ní etí rẹ̀. Mo máa ṣí fọ́tò náà lórí láptọ́ọ̀pù, mo á tẹ Insert àti R, NVDA á ní kí Windows fúnra rẹ̀ mú lẹ́tà jáde nínú àwòrán náà, á sì kà á fún mi. Windows 10 sókè ló ní i. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ kedere, ó kà á dáadáa. Ìwé àfọwọ́kọ, ẹ pe ẹni tó ríran.

Mo kọ̀wé sí àwọn oní-sọ́fúwià náà. Mi ò kọ pé ó le fún mi, torí ẹni tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ á kàn ní kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́. Mo dárúkọ ojú ewé, mo sọ bọ́tìnì tí mo tẹ̀ àti ohun tí NVDA sọ, mo sì fi nọ́ńbà ìlànà tí wọn ò tẹ̀ lé sí i. W3C, àwọn tó ń gbé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ti to gbogbo rẹ̀ sínú WCAG, ìwé ìlànà lórí bí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe lè ṣeé lò fún àwọn abirùn náà: ẹ̀dà 2.0 jáde ní 2008, 2.1 ní 2018, 2.2 ní 2023. Pé bọ́tìnì gbọ́dọ̀ ní orúkọ, 4.1.2 ni. Pé àwọ̀ ò gbọ́dọ̀ dá nìkan gbé ìròyìn, 1.4.1. Pé ìfitónilétí bíi “ó ti wọlé” gbọ́dọ̀ dé etí ẹni tó ń lo screen reader láìjẹ́ pé ó wá a lọ, 4.1.3, èyí tó wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà 2018. Mo fẹ́ kún un pé Nàìjíríà ní òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn léèwọ̀ láti 2019, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí. Màmá ní kí n yọ ìyẹn. “Má fi òfin dẹ́rù bà wọ́n. Sọ fún wọn pé oṣù tó ń bọ̀ ni owó wa máa tó parí, mi ò sì tíì pinnu bóyá màá san òmíì.” Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn dé kíá. Láìpẹ́, bọ́tìnì mẹ́ta ọjọ́sí ti ní orúkọ: ṣàtúnṣe, tẹ̀wé, pa á rẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ínfọ́ìsì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n má baà tẹ ti ìlà ẹlòmíì. Ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Fèrèsé ìbéèrè náà ti ń gbé NVDA lọ sínú rẹ̀. Àpótí orúkọ oníbàárà ṣì dákẹ́. Pupa ṣì jẹ́ pupa. Ìlà “ó ti wọlé” ṣì ń yọ ní igun, ó ń parẹ́. Wọ́n ní ó wà lára iṣẹ́ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ gba irú sọ́fúwià yìí fún ilé iṣẹ́ tí ẹni tí kò ríran wà, tàbí ẹ̀yin tí ẹ ò ríran tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́ pé screen reader ń bá a ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé kò tíì gbọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fún èèyàn ní àsìkò ọ̀fẹ́ láti fi dán an wò. Ẹ lò ó. Ẹ yọ máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ fi Tab nìkan rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ewé tí ẹ máa lò jù, kì í ṣe ojú ewé àkọ́kọ́, torí èyí yẹn ni wọ́n máa ń tún ṣe fún àlejò. Bí ẹ bá gbọ́ bọ́tìnì tí kò lórúkọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe sí i, ẹ fi lẹ́tà síbi tó yẹ kí iye wà, kí ẹ gbọ́ bóyá ó máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí yóò kàn dákẹ́. Ẹ fi nǹkan pamọ́, kí ẹ tẹ́tí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá wò ó bóyá ó ti lé yín jáde láìsọ. Tiwa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ rẹ̀ náà sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlà tó ń yọ ní igun.

Ojú ewé NV Access, àwọn tó ń ṣe NVDA fúnra wọn, nvaccess.org, ni kí ẹ ti gba NVDA, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nínú fláàṣì lọ́jà. Láti ẹ̀dà 2025.1 ó tún ní ohun tó ń jẹ́ kí ẹnì kan wà ní Èkó kó máa darí kọ̀ǹpútà yín ní Àkúrẹ́, bí ẹ bá gbà á láyè. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń fi bá mi tún nǹkan ṣe, a ò sì nílò kó wọkọ̀.

Nínú 10, màá fún NVDA ní 9. Orúkọ Yorùbá ló gba máàkì kan yẹn. Sọ́fúwià ìṣirò ọjà náà, 5 ni kí àtúnṣe tó dé, ó ti di 6 báyìí, ojú ewé gbèsè nìkan ì bá gba 8. Ojú ewé owó oṣù òṣìṣẹ́ ni mi ò lè sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀.